Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Paramedic Ṣe Ń Mọ Ara Rẹ̀ ní Oníṣẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ paramedic, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì inú ọkọ̀ áḿbúláǹsì, lè sọ ọ́ láìmikàn pé, "Paramedic ni mí"? Mo gbà pé ojú iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé ó lè ṣe é, ni ìgboyà yẹn ti ń wọ̀ ọ́ lára, àti pé ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá Freedom House, ilé iṣẹ́ áḿbúláǹsì kan, sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ló sábà máa ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀, ìtọ́jú tí ẹni náà ń rí lójú ọ̀nà kò sì ju díẹ̀ lọ. Dókítà Peter Safar, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọ̀nà ìjíǹde ẹni tí èémí rẹ̀ dá dúró kalẹ̀, ló ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ènìyàn dúdú láti àdúgbò Hill District. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn mìíràn kò sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà jinlẹ̀ ju èyí tó wọ́pọ̀ nígbà náà lọ, ó sì gbé wọn wọ inú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ láti fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́.

John Moon wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ kékeré ni ní ilé ìwòsàn kan nígbà tó rí àwọn ọkùnrin Freedom House tí wọ́n wọlé wá gbé aláìsàn, tí ìrìn àti ọ̀rọ̀ wọn fi hàn pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì pinnu pé òun náà yóò dà bí wọn. Kí ó tó mọ orúkọ egbòogi kan ṣoṣo ni ó ti rí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́, lára ènìyàn tó jọ ọ́. Mo ka èyí sí pàtàkì gidigidi, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí irú ara rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ náà ní ẹrù kan láti gbé tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní.

Ní ọdún 1975, ìjọba ìlú gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Freedom House, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì rí i pé wọ́n ń tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ètò tuntun náà. Ìmọ̀ wọn kò dín kù rárá. Ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ló yí padà. Moon dúró, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lọ kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, òfin dáàbò bo orúkọ paramedic, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́ ẹ àfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Health and Care Professions Council, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè ẹ̀kọ́ tó tó oyè yunifásítì láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Síbẹ̀, àárín ilé méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Yunifásítì ń kọ́ ọ pé kí ó máa béèrè ìdí. Nígbà tí ó bá dé inú ọkọ̀ áḿbúláǹsì, ó lè bá àgbà òṣìṣẹ́ tí yóò ní kí ó gbàgbé ohun tó wà nínú ìwé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá, a sì máa gbọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀gá bá ń kùn pé ìyá àgbà tó ṣubú nílé kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pe áḿbúláǹsì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé jàǹbá ọkọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn arúgbó, àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra àti àwọn tí ọkàn wọn dàrú ni yóò máa bá pàdé jù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dání ni pé, bí ẹ bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì ohun tí ẹ bá àti ohun tí ẹ ṣe. Ẹ dúró tì í, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ àyàfi bí ewu bá wà, kí ẹ sì bi í léèrè nínú ọkọ̀ lẹ́yìn náà ìdí tó fi ṣe ìpinnu kọ̀ọ̀kan.