Ẹ̀ka Yunifásítì Kì í Fi Ilẹ̀ Nìkan Dàgbà

Ẹ̀yin ará Okun, Ìgbómìnà àti Ìlọrin tí ẹ fi Àbújá ṣe ibùjókòó, kò sí ìpàdé ìlú tí a kì í ti í gbọ́ ọ báyìí: kí ìjọba gbé ẹ̀ka yunifásítì wá sọ́dọ̀ wa. Ìlú ti gé ilẹ̀, wọ́n ti ri pátákó mọ́ ọn. Ilẹ̀ ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ni wàhálà.

Ẹ wo Sáríà. Nígbà tí Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kì í ṣe inú igbó ló ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́lẹ́jì ìjọba kan wà tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, ní Sáríà, Ìbàdàn àti Enugu. Ti Sáríà ni wọ́n sọ di yunifásítì. Wọ́n wá so ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Sàmárù, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tó wà ní Kongo àti kọ́lẹ́jì Kánò mọ́ ọn. Gbogbo wọn ló ti ní olùkọ́ tiwọn kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ti Kánò fi lè dá dúró: ó di kọ́lẹ́jì yunifásítì ní 1975, ó sì di yunifásítì fúnra rẹ̀ ní 1977. Yunifásítì Ìlọrin náà bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ó gba òmìnira ní 1977.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Ká ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò pé 300. Òṣùwọ̀n NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fún sáyẹ́ǹsì ni olùkọ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ 20, nítorí náà olùkọ́ 15 la nílò. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ẹni tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ìdá 35 olùkọ́ àgbà, àwọn tó kéré sí wọn ni ìdá 45 yòókù. Ó já sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, olùkọ́ àgbà márùn-ún, àwọn kékeré méje. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ni yóò kó ìyàwó àtọmọ wá gbé níbi tí kò síná, tí kò sómi?

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á yá orúkọ olùkọ́ láti ọgbà àgbà, ìyẹn ọgbà yunifásítì tó ni ẹ̀ka náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n á wọ mọ́tò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á kó kíláàsì ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ sójú ọjọ́ kan, ó di ilé lọ́jọ́rú. Bí àwọn ayẹ̀wò NUC bá dé, fáìlì ni wọ́n ń béèrè: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù. Ẹ̀kọ́ tó bá gba máàkì 70 sókè nínú ọgọ́rùn-ún gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. 60 sí 69, ọdún méjì péré. Tó bá rẹlẹ̀ sí 60, kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́.

Omi náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 200 bá ń gbé inú ọgbà, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń lo lítà 50, lítà 10,000 ni lójúmọ́. Kànga-ẹ̀rọ tó ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fà á láàárín wákàtí mẹ́ta, bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa wà. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò lè gbẹ́ ihò gbígbẹ, èyí tó sì ń ṣomi dáadáa lójò lè máa kán tó-tó-tó tó bá di oṣù kẹta.

Owó ẹ̀ka pẹ̀lú. Bí ẹ̀ka bá ní láti kọ̀wé sí ọgbà àgbà kó tó ra kẹ́míkà, ìdánwò á ti parí kí kẹ́míkà tó dé. Kí ìlú tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, kí wọ́n ní kí yunifásítì kọ àpò owó tí ẹ̀ka yóò máa ná fúnra rẹ̀ sínú àdéhùn.

Ẹ bá wa sọ fún wọn nílé kí wọ́n fi kíkọ́ géètì ńlá sílẹ̀ ná. Ilé olùkọ́ mẹ́jọ, oníyàrá mẹ́ta-mẹ́ta, tí kálukú ní táǹkì omi tirẹ̀, ni kí owó ìdájọ kọ́kọ́ kọ́: mẹ́ta fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, márùn-ún fún àwọn olùkọ́ àgbà.