Ìwà Iná, Ìwà Ilẹ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹ̀dá Elemental fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú

Ìjẹ̀bú-Òde ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wáyé, níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣe eré káàdì tiwọn. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà lè rí i kà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin òbí tó bá wọn wá. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ya Ṣàngó, Ọya àti Olókun sórí páálí wá fi hàn mí. Àwòrán wọ̀nyẹn dára, ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n tí mo bá béèrè pé kí ni káàdì náà ń ṣe, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ó lágbára gan-an." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú eré káàdì, òfin tí a kọ sára káàdì ni ìwà ẹ̀dá inú rẹ̀. Bí òfin bá ṣófo, kò sí àwòrán tó lè gbà á sílẹ̀. Irú ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Elemental, ìyẹn iná, omi, afẹ́fẹ́ tàbí ilẹ̀ tó di ẹ̀dá, nínú eré káàdì Magic: The Gathering ni n ó fi ṣàlàyé, nítorí n kò tíì rí ibi tí èyí ti hàn kedere jù ú lọ.

Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, Richard Garfield, ló dá eré náà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast sì gbé e jáde ní 1993. Ẹni méjì ló sábà máa ń ta á. Oníkálùkù ní ẹ̀mí 20, á sì kó káàdì tirẹ̀ wá láti ilé, ó kéré tán 60. Káàdì ilẹ̀ ló ń mú agbára tí wọ́n ń pè ní mana wá: pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń mú funfun wá, erékùṣù ń mú búlúù, àbàtà ń mú dúdú, òkè ń mú pupa, igbó ń mú àwọ̀ ewé. Mana yìí la fi ń pe ẹ̀dá jáde. Nọ́ńbà méjì ló wà nísàlẹ̀ káàdì ẹ̀dá: àkọ́kọ́ ni iye tó lè fi lu ọ̀tá, ìkejì ni iye ìlù tí yóò gbà kó tó kú.

Ta ló wà ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ Whot? Níbẹ̀ náà, káàdì ní òfin: 2 ní kí ẹnìkejì mú méjì, 14 ní kí gbogbo àwọn yòókù lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n 14 kò ní ìwà. Ì báà jẹ́ róbótó ni wọ́n yà sí i lára, ì báà jẹ́ onígun mẹ́ta, ohun kan náà ló ń ṣe. Ẹ̀dá Elemental kò rí bẹ́ẹ̀. Iná, omi, afẹ́fẹ́ tàbí ilẹ̀ gan-an ló di ara rẹ̀, nítorí náà, òfin rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ọ́.

Ẹ wo Fire Elemental àti Earth Elemental, tí àwọn méjèèjì wà nínú àkójọ káàdì àkọ́kọ́ ní 1993. Iye kan náà la ń san fún wọn: mana 5, tí 2 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa. Kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sí wọn lára. Nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ti iná jẹ́ 5 àti 4, ti ilẹ̀ jẹ́ 4 àti 5. Iná mọ lílù ju ìfaradà lọ, ilẹ̀ mọ ìfaradà ju lílù lọ. Tí wọ́n bá sì kojú ara wọn, àwọn méjèèjì ni yóò kú. Nọ́ńbà méjì péré tí wọ́n yí po ló sọ gbogbo èyí! Air Elemental, ti afẹ́fẹ́, jẹ́ 4 àti 4, ṣùgbọ́n ó ń fò, ẹ̀dá orí ilẹ̀ lásán kò sì lè dí i lọ́nà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ball Lightning, tó jáde ní 1994. Mana pupa 3 la fi ń pè é. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6 àti 1. Ẹ̀dá mìíràn máa ń dúró títí ọwọ́ olówó rẹ̀, ìyẹn àsìkò tó kàn án láti ta, yóò fi tún yí padà kó tó lè kọlu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun kì í dúró, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá dé ló ń jà. Bí ẹ̀dá kékeré bá dènà rẹ̀, ìlù tó ṣẹ́kù á kọjá lọ bá ẹni tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ náà bá parí, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í rúbọ. Ó dé, ó lù, ó lọ. Ẹni tó bá ti rí i bí mànàmáná ṣe ń bù yẹ̀rì lórí Ìjẹ̀bú ní oṣù kẹrin mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ bo àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ka òfin nìkan fún ẹni tí kò rí i rí, yóò mọ ohun tó jẹ́.

Force of Nature, ìyẹn agbára ìṣẹ̀dá, náà wà láti 1993. Kì í ṣe Elemental ni wọ́n pè é nígbà náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kó o mọ́ wọn. Ó jẹ́ 8 àti 8, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọwọ́ olówó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ san mana àwọ̀ ewé 4 fún un. Bí kò bá san án, 8 ni yóò fi lu olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ẹ̀mí 20 ti tán. Igbó kì í ṣe ẹrú ẹnì kankan.

Agbára náà ní ewu tirẹ̀. Omnath, Elemental tó ní orúkọ tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo, mana àwọ̀ ewé tí a kò ná kì í sì í ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tó fi máa di 2020 ó ti ní àwọ̀ mẹ́rin, ó sì lágbára débi pé kò pé oṣù kan tó jáde tí wọ́n fi lé e kúrò nínú ìdíje Standard, èyí tí wọ́n ti ń lo àwọn àkójọ tuntun nìkan. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, wọ́n sọ ìbínú àti ìbànújẹ́ pàápàá di Elemental, Fury àti Grief, tí a lè pè jáde láìsan mana rárá, bí a bá ti yọ káàdì aláwọ̀ kan náà sọnù lára èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fòfin de àwọn méjèèjì nínú ìdíje Modern, èyí tó gba àwọn káàdì tó ti pẹ́ díẹ̀ náà, Fury ní 2023, Grief ní 2024. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun jáde lọ́fẹ̀ẹ́ nínú eré yín.

Ní ti àwọn òrìṣà tí ẹ yà, èrò mi ni pé wọn kì í ṣe Elemental. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni Ọya, Ọya ló ni afẹ́fẹ́. Ìjì tí ó rán wá lè jẹ́ Elemental, òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ. Eré Magic alára mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 2013, nínú àkójọ Theros, wọ́n dá irú ẹ̀dá God, ìyẹn òrìṣà, sílẹ̀, a kò sì lè fi ìlù lásán pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé ara ẹ̀dá wọ̀ àfi tí àmì àwọ̀ wọn lára àwọn káàdì tó wà nílẹ̀ níwájú olówó wọn bá pé iye kan. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe káàdì Ọya, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ yọ Agẹmọ àti Orò kúrò nínú káàdì yín pátápátá. Àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí obìnrin kì í fojú rí kò yẹ lórí páálí tí gbogbo wa ó jọ máa pín.

Ẹnì kan béèrè bóyá Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, lè jẹ́ Elemental ilẹ̀. Mo ní rárá. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ni, ó sì gùn ju 160 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Ògiri ni kí ẹ fi ṣe, tí kì í kọlu ẹnikẹ́ni, tí ó sì ń ga sí i bí olówó rẹ̀ bá ṣe ń fi káàdì ilẹ̀ kún èyí tó ti wà níwájú rẹ̀.

Igbó Ọmọ ni kí ẹ mú. Ó wà níbí, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ibi àbójútó rẹ̀ láti 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn agégi náà sì wà níbẹ̀. A jọ kọ òfin rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 8 àti 8. Olówó rẹ̀ lè gé igi rẹ̀ nígbàkígbà kó fi gba mana 1, ṣùgbọ́n gígé kọ̀ọ̀kan yóò dín nọ́ńbà méjèèjì ní 1, kò sì ní hù padà àfi tí olówó rẹ̀ bá lo odindi ọwọ́ kan láìgé nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan láti Ṣágámù ní kí gígé ìkẹjọ mú káàdì náà kúrò nínú eré pátápátá, kó má sí ohun tó lè dá a padà. A kọ ọ́ sí i.