Ẹnu Òrùka Gbọ́dọ̀ Pàdé: Àwọn Pláyà Tí A Fi Ń Tẹ Wáyà Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ wo yẹtí yìí.

[Àwòrán: yẹtí tí ìlẹ̀kẹ̀ ti bọ́ lára rẹ̀]

Ìlẹ̀kẹ̀ kò fọ́, wáyà kò sì já. Ẹnu òrùka tó so wọ́n pọ̀ ni kò pàdé. Léèsì kọ́ ọ níbi àríyá, ó ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ sì wábi gbà. Iṣẹ́ pláyà lèyí, kì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ̀mú ni alágbẹ̀dẹ ń pè é, pláyà là ń pè é lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́nu róbótó. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí roboto, ó nípọn nídìí, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Òun ló ń ká wáyà di ojú, ìyẹn ihò róbótó tí a fi ń so ìlẹ̀kẹ̀ kọ́. Èkejì ni ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Méjì irú rẹ̀ lẹ nílò, torí ọwọ́ méjèèjì ló máa di òrùka mú. Ẹ̀kẹta ni kọ́tà tí a fi ń gé wáyà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, ẹ pa ẹnu ẹlẹ́nu ṣóńṣó dé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orí méjèèjì pàdé. Ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Ẹ má ra pláyà àwọn oníṣẹ́ iná tí ẹnu rẹ̀ ní eyín: yóò jẹ wáyà lára, àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi bò ó yóò sì bó.

Wáyà ńkọ́? Gééjì ni nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí wáyà ṣe nípọn tó. Bí nọ́ńbà gééjì bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Gééjì 18 jẹ́ mìlímítà 1, 20 jẹ́ 0.8, 24 jẹ́ 0.5. Fún yẹtí, 20 ló dára jù. Òrùka gééjì 24 á kàn máa ṣí fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè bó wáyà iná, kó fi bàbà inú rẹ̀ dánra wò. Bàbà rọ̀ ju idẹ lọ.

[Kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́]

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ká ojú. Ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lórí wáyà. Ẹ tẹ wáyà náà dùbúlẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀, kó dúró bí igun tábìlì. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ojú á gbé ara lé ẹ̀gbẹ́ kan bíi lẹ́tà P, yẹtí á sì máa wọ́. Ojú tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 gba wáyà tó gùn tó bíi mìlímítà 9 àtààbọ̀. Ẹ gé ìyókù. Ẹ wá fi ẹlẹ́nu róbótó di orí wáyà gan-an mú. Kí orí wáyà má yọ síta: ẹ fi ìka yín kàn án wò. Bó bá yọ, ojú á rí bí omijé. Ẹ yí ọrùn ọwọ́, ẹ dúró, ẹ tún un dìmú, ẹ yí i parí. Ẹni tó bá fẹ́ yí i tán lẹ́ẹ̀kan á ba á jẹ́.

Kí yẹtí méjèèjì lè dọ́gba, ẹ fi máákà fa ìlà sí ẹnu pláyà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ká gbogbo rẹ̀. Ìbú ẹnu náà ń yí padà bó ṣe ń lọ sókè, ẹ má gbára lé ojú lásán, ìlà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Fún òrùka, ẹ ká wáyà mọ́ ìṣó ńlá tó dán, kí ìká kọ̀ọ̀kan fara kan èkejì. Ẹ yọ ọ́, ẹ gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń fi orí wáyà sílẹ̀ ní títẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ń sọ ọ́ di ṣóńṣó. Kí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ kọjú sí òrùka. Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí kọ́tà padà, kẹ́ ẹ gé ṣóńṣó tó kù lórí ìká kúrò. Àìṣe èyí ló ń fa ẹnu tí kò pàdé. Ẹ má sì fi í gé wáyà ẹ̀gbà ọwọ́ líle tó máa ń ká padà fúnra rẹ̀: irin ni, yóò ba ẹnu kọ́tà jẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣí òrùka, ẹ fa ẹnu rẹ̀ kan sọ́dọ̀ yín, ẹ ti èkejì síwájú. Ẹ má fà á sọ́tùn-ún sósì, ìrísí rẹ̀ á bàjẹ́. Nígbà títì, ẹ jẹ́ kó kọjá díẹ̀ kó tó padà, torí wáyà máa ń sún sẹ́yìn. Ẹ sì má máa ṣí i, kẹ́ ẹ tún máa tì í léraléra: bàbà tí wọ́n bá tẹ̀ léraléra máa ń le, á sì dá.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó máa ń mú pláyà dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ kan sí oríkèé rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́.