Bí A Ṣe Ń Gba Owó Kọmíṣọ́n Lórí Wẹ́ẹ̀bùsáìtì Ẹni

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí a ó jọ ṣe lójú kọ̀ǹpútà mi yìí ni bí ẹni tó ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣe lè máa gba owó kọmíṣọ́n lórí ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò orí ayélujára ń pè ní afílíétì. Líǹkì ọjà ọlọ́jà ni ẹ ó fi sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín; bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ra ọjà náà, ọlọ́jà yóò fún yín ní ìdá kan nínú owó rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun, nítorí Amazon, ilé ìtajà orí ayélujára ti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ọdún 1996. Wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n alágbàtà tiwa yìí kì í fi kọ́bọ̀ lé ọjà: iye tí oníbàárà ì bá san tẹ́lẹ̀ náà ni yóò san, inú èrè ọlọ́jà ni owó tiwa ti ń jáde.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ mú ìbéèrè kan tí ẹni tó fẹ́ rajà máa ń béèrè kó tó náwó. Ẹ wo ojú-ìwé tí mo ṣí sílẹ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nítòsí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo kọ ọ́ fún, ìbéèrè rẹ̀ sì ni pé: bí iná ọba bá lọ láago mẹ́wàá alẹ́, fáànù oníbátìrì wo ni yóò fẹ́ atẹ́gùn sí òun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Láti dáhùn rẹ̀, mo gbé fáànù náà sórí tábìlì, mo fi aago ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tó kú, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò kí òǹkàwé lè rí ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, mo sì sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá sì yí i dé ipele kẹta, ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ènìyàn kàwé. Àléébù yẹn gan-an ni òǹkàwé fi ń gbà pé ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ kan ọjà náà ní tòótọ́. Ẹni tó kàn kó líǹkì ọgbọ̀n jọ sójú kan láìdáhùn ìbéèrè kankan, àfàìmọ̀ kó má rí ẹni tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó wá yan ètò afílíétì tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ bi ara yín bóyá òǹkàwé yín lè sanwó níbẹ̀, kí ọjà sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ẹ ń kọ̀wé fún, Amazon dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ẹ kò bá rí títà 3 láàárín ọjọ́ 180 àkọ́kọ́, wọn yóò ti àkáǹtì yín. Wákàtí 24 péré ni wọ́n sì fi ń rántí pé líǹkì yín ni oníbàárà gbà wọlé. Ní ti Selar ní ilé wa níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ́ àti ìwé orí ẹ̀rọ, ẹni tó ni ọjà ló ń sọ iye ìdá tí yóò fún alágbàtà, ó sì sábà máa ń ju ti ọjà tí a ń fọwọ́ gbé lọ.

Ìforúkọsílẹ̀ kò le: orúkọ, ímeèlì, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín àti ibi tí wọn yóò sanwó sí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú líǹkì. Èyí tí mo dà kọ yìí jẹ́ ti Amazon; ẹ wo ìparí rẹ̀, ẹ ó rí «tag=», lẹ́yìn náà orúkọ tí mo yàn àti -20. Àmì ìdánimọ̀ mi nìyẹn. Bí ẹ bá pa á rẹ́, oníbàárà yóò ra ọjà, ẹ̀yin kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti dáhùn ìbéèrè, kì í ṣe òkè pátápátá. Ohun tó yẹ kó wà lókè ni gbólóhùn tó sọ ọ́ gbangba pé ẹ ó gba kọmíṣọ́n bí wọ́n bá rà á. Láti ọdún 2019 ni Google sì ti ní kí a máa fi rel="sponsored" sínú kóòdù irú líǹkì bẹ́ẹ̀, èyí tó ń sọ fún Google pé owó wà nídìí líǹkì náà. Ẹ má ṣe fi líǹkì ara yín rajà fún ara yín, nítorí Amazon kò gbà á láyè.

Nígbà tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ má tíì ná an lọ́kàn. Bí a bá ní fáànù náà jẹ́ náírà 50,000, tí kọmíṣọ́n sì jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 2,500 ni tiyín. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dá a padà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Bí ènìyàn bá ń ka ojú-ìwé láìtẹ líǹkì, ìdáhùn yín ni kò tíì tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ láìrà, ẹ lọ wo iye owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní òpin oṣù, ẹ tẹ líǹkì kọ̀ọ̀kan wò fúnra yín. Èyí tó bá gbé yín dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọjà ti tán, ẹ fi ti fáànù mìíràn tí ẹ ti dán wò rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yí ọjọ́ tó wà lókè ojú-ìwé náà padà.