Ọwọ́ Ta Ni Nitric Oxide Ti Wá?

Ẹ fọwọ́ kan òkè ikùn yín, lábẹ́ egungun àyà. Lẹ́yìn àpòlúkù tó wà níbẹ̀ ni pancreas sùn sí, ó rí pẹlẹbẹ báyìí. Òun ló ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun. Bí òkúta inú òróòro bá wá dí i lójú ọ̀nà, tàbí tí ọtí ti bà á jẹ́, omi náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì tíì kúrò nílé. Pancreas á máa da ara rẹ̀ bí ẹní da ẹran, á sì wú. Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní pancreatitis. Ìrora ọ̀hún máa ń gún láti òkè ikùn já sẹ́yìn. Àfi kéèyàn tẹ̀ síwájú kó tó rí díẹ̀ mí.

Ibẹ̀ ni nitric oxide ti wọlé. Afẹ́fẹ́ ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń lò kó tó parẹ́. Ara wa ló ń fi arginine, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹran, ṣe é. Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998 torí pé wọ́n ṣàwárí bó ṣe ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀.

Ṣé ó dára àbí kò dára? Èmi á kọ́kọ́ bi yín pé: ọwọ́ ta ló ti wá?

Enzyme, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú ara, ló ń ṣe é. Bó bá wá láti ọwọ́ enzyme tó ń jẹ́ eNOS, tó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, bí omi tó ń kán. Díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo kọ̀rọ̀ pancreas. Àwọn eku tí kò ní eNOS, àìsàn tiwọn le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ.

iNOS, enzyme mìíràn tó ń ṣe nitric oxide, ní tiẹ̀, ìjà tí ara ń bá àìsàn jà ló ń jí i. Bó bá ti jí, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Nitric oxide á pọ̀ lápọ̀jù, á pàdé superoxide, irú oxygen kan tó máa ń ba nǹkan jẹ́, àwọn méjèèjì á di èròjà peroxynitrite, tó ń ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì àti DNA jẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ kí pancreas eku wú, arginine yìí kan náà ni wọ́n ń gún un, ní ìwọ̀n ńlá. Nitric oxide nìkan kọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ sá fún ẹ̀wà o! Ìwọ̀n yẹn ju ti inú àwo lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá wá dí gbogbo nitric oxide pa, ó dí eléyìí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ní ọsibítù, omi ni wọ́n ṣì ń fà sí aláìsàn lára, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora, wọ́n á sì wá òkúta lọ sínú òróòro.