Ẹ Má Fi Ẹ̀rí Pamọ́: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

As-salaamu alaykum wa rahmatullah. Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ẹ kú Jímọ̀ òní.

Nínú hàdíìsì tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́hun Ọba ní ènìyàn mẹ́ta ni Òun fúnra Òun yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀: ẹni tó fi orúkọ Òun ṣe àdéhùn tó wá dalẹ̀, ẹni tó ta ọmọ ènìyàn tí kì í ṣe ẹrú tó sì jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tí ìyẹn ṣiṣẹ́ parí, tí kò sanwó fún un. Àwọn tó ń kó ọmọ wa lọ sí Líbíà, Mali àti Òmán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó pọ̀. Wọ́n á búra fún ìyá ọmọ pé ilé ìtajà ló ń lọ ṣiṣẹ́, wọ́n á tà á, wọ́n á tún gba owó oṣù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ̀, tí a dákẹ́, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

A kúkú ń rí i. Àǹtí kan á dé sí àdúgbò, á ní òun ló máa san owó pásípọ́ọ̀tù àti ọkọ̀ òfuurufú, kò sí àdírẹ́sì ibi iṣẹ́, kò sì fẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́. Ọmọ ọdún 16, wọ́n á kọ 22 sínú pásípọ́ọ̀tù. Aládùúgbò á wò ó, á ní, "Kò kàn mí, kí wọ́n má baà ní mo ba ọ̀nà ọmọ wọn jẹ́." Ọlọ́hun sì sọ nínú Súrà Al-Baqarah, 2:283: ẹ má ṣe fi ẹ̀rí pamọ́, ẹni tó bá fi í pamọ́, ọkàn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Bí ẹbí ẹni bá sì ni oníṣòwò ènìyàn náà ńkọ́? Súrà An-Nisaa, 4:135, ti dáhùn: ẹ jẹ́rìí òdodo, bó tilẹ̀ ta ko ara yín, òbí yín tàbí ìbátan yín.

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánọ́nì gbé pásípọ́ọ̀tù ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook, ó ní òun fẹ́ ta ọmọ-ọ̀dọ̀ òun ní dọ́là 1,000, bí ẹni ń ta tẹlifíṣàn àlòkù. Àwọn tó rí i kò gbójú kúrò. Wọ́n figbe ta, ọ̀rọ̀ dé etí ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Ariwo àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí ló yọ ọmọ náà.

Ẹ̀yin àfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá pé kí ẹ fi Àlùkùránì búra fún un pé yóò san gbèsè ìrìn-àjò, ẹ má ṣe é. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti ṣẹ̀ Ọlọ́hun, kó má ṣẹ̀ Ẹ́. Ọmọ tó ti búra bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí gbèsè kankan lọ́rùn rẹ̀. Ọba Ìbíní, Ewuare Kejì, pàápàá ti tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká ní ìlú rẹ̀ lọ́dún 2018.

NAPTIP ni àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 fún ọ̀rọ̀ yìí. 627 ni ẹ máa tẹ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ ibi tí ọmọ wà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀ bí ẹ bá rí i. Ẹ má lọ bá a jà, á kàn gbé ọmọ sá ni. Ẹ má sì gbé ojú ọmọ sórí WhatsApp. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, ẹ má fi ìfura lásán ba orúkọ ènìyàn jẹ́ káàkiri: àwọn aláṣẹ ló ni ìwádìí.

Bí o bá ti mọ ọ̀kan báyìí, pè wọ́n kí àkókò ìrun Àsárì tó tó. Kí Ọlọ́hun dá àwọn tó wà ní ìgbèkùn padà fún àwọn ìyá wọn. Àmín.