Ogun Tó Bá Sójà Wọlé: Ohun Tí Ojú Ìyàwó àti Ọmọ Ń Rí

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ìdílé ológun ní Abẹ́òkúta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ bárékè, ẹ kú ìjókòó. Àìsàn ọkàn tí ogun ń fi sára sójà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Lántòrò, ní Abẹ́òkúta níbí, ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀, àmọ́ a kì í sábà béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 1944, ìjọba sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, àwọn sójà tí wọ́n kó bọ̀ láti Ogun Àgbáyé Kejì sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àìsàn òyìnbó ni èyí. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó fún un lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí, PTSD (post-traumatic stress disorder), ìyẹn àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tó dẹ́rù bani. Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú irú rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí sójà gan-an? Níbi tó ti ń bọ̀, ẹni tó bá sùn fọnfọn lè má jí. Ara rẹ̀ ti kọ́ láti máa ṣọ́ra, bó sì ti délé, ara yẹn kò gbọ́ pé ogun ti tán. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Báńgà tí àwọn ọmọ ń jù nígbà Kérésì, ṣakabùlà tí wọ́n ń yìn lọ́jọ́ ọdún Lísàbí, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá dé, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún létí rẹ̀. Lóru, ojú ogun á padà wá bá a lójú àlá. Lọ́sàn-án, á máa sá fún èrò ọjà Kútọ̀ àti fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jagun. Inú rẹ̀ kì í dùn sí ohun tó ń dùn mọ́ni. Àwọn mìíràn á máa fi ògógóró wá oorun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ sógun ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, ọ̀pọ̀ ló dé tí wọ́n ń bá ayé wọn lọ.

Ìyàwó gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ó ti kó ẹní lọ sí pálọ̀, torí ọkọ rẹ̀ fún un lọ́rùn lóru, lójú oorun, láìmọ̀. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ rọra o, dádì yín wà nílé." Bí àwọn àna bá dé, á ní ó rẹ ọkọ òun ni. Bó bá yá, òun náà kò ní lè sùn mọ́, òun náà á máa ta gìrì, obìnrin tí kò di ìbọn mú rí! Àwọn ará ilé ọkọ á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ọmọ àwọn pa ló ń jà á, tàbí kí wọ́n ní ìyàwó ló fa á.

Àwọn ọmọ ní tiwọn ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó mọ irú alẹ́ tí yóò jẹ́. Bí wọn kò bá sọ ohunkóhun fún ọmọ, á dá ìtàn tirẹ̀ ṣe: "Èmi ni mo ṣẹ dádì." Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí bàbá wọn ja ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, tí wọn kò tíì bọ́ nínú ìtàn yẹn. Àwọn tó ń ti Bọ̀rnó dé báyìí náà ní ọmọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ní gbangba: àìsàn lè mú kí ọkùnrin jágbe lójú oorun. Kò fún un láṣẹ láti na ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀sán.

Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ rí dókítà. Ètò tó dára ni, gbogbo ayé ló sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni pé kí á bi ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn wá pé báwo ni òun náà ṣe ń sùn.

Bí àlá ogun bá mú ọkọ yín lóru, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ tan iná, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pè é: "Bàbá Fọlá, ilé lẹ wà, Abẹ́òkúta la wà." Ìtọ́jú wà: oògùn wà, ìjókòó pẹ̀lú olùtọ́jú tó mọ bí a ṣe ń rọra sọ ìtàn náà jáde sì wà.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé bí ọkọ òun bá kọ̀ tí kò lọ ńkọ́. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀yin lẹ wá rí i, kì í ṣe pé ẹ wá ròyìn ọkọ. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ ń sùn àti ohun tó ń jí yín."